Òpó Mẹ́ta Inú Ìwé Kan: Bí Mo Ṣe Ń Fi Owó Díẹ̀ Tún Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Ṣe

Òòlù kékeré ni ohun èlò àkọ́kọ́ tí mo lò sí ara píkọ́ọ̀pù yìí, kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rárá. Mo dùbúlẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ lórí pákó pẹlẹbẹ kan, mo ń fi orí òòlù náà kan ṣáṣíì, ìyẹn irin tó jẹ́ egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀, jẹ́jẹ́ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, mo sì ń fetí sílẹ̀. Irin tí ara rẹ̀ ṣì le máa ń dún gooro. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ láti inú máa ń dún gbì, bí igi tó ti rà. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ apá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti so sípíríǹgì mọ́ ṣáṣíì, ìró náà yí padà. Mo tún un kàn lẹ́ẹ̀kan sí i, orí òòlù sì wọ inú irin lọ.

Mo wà ní ìdùbúlẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìpẹtà ń já bọ́ sí mi láyà, mo ń wo ihò náà. Mo ti san owó ọkọ̀ náà tán nígbà yẹn, mo sì ti ń ro irú ọ̀dà tí n óò fi kùn ún. Kí n tó dìde lábẹ́ rẹ̀, ètò iṣẹ́ náà ti yí padà lọ́kàn mi: ọ̀dà kúrò lókè, ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Ọkọ̀ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin tó ń lo bẹntiróòlù pẹ̀lú kábúrétọ̀, ọwọ́ ni a fi ń yí gíà rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti pa á tì fún ọdún mélòó kan, ewé gbígbẹ sì ti kún gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Mo rà á nítorí pé owó rẹ̀ kéré àti nítorí pé mo nílò ohun tí n óò máa fi kó ẹrù, ṣùgbọ́n irọ́ ni n óò pa bí mo bá sọ pé ìdí méjèèjì yìí nìkan ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn píkọ́ọ̀pù. Mo fẹ́ràn bí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe ń fi iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é hàn gbangba, láìfi ohunkóhun pamọ́.

Ọ̀nà tí irú ọkọ̀ yìí gbà dáyé pàápàá máa ń dùn mọ́ mi. Ọdún 1925 ni ilé iṣẹ́ Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model T tí wọ́n ti fi àpótí ẹrù sí lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn tó ní Model T ti ń gé ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn kúrò fúnra wọn, tí wọ́n sì ń kan àpótí pákó síbẹ̀ kí wọ́n lè kó irè oko àti irinṣẹ́. Ohun tí àwọn olówó kékeré ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni ilé iṣẹ́ náà wá ń tà fún wọn. Nígbà tí Toyota fi gbé Hilux àkọ́kọ́ jáde ní 1968, irú ọkọ̀ náà ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wò mí níbi tí mo ti ń gé irin, tí mo sì ń dá ihò sí ara ọkọ̀ mi, tí ó ní kí n fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é, èsì mi ni pé ọwọ́ àwọn tí kò fi tiwọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é ni píkọ́ọ̀pù ti jáde wá.

Bí wọ́n ṣe to irú ọkọ̀ yìí gan-an ló mú kí ó ṣeé tún ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Irin gígùn méjì ló wà nísàlẹ̀, tí àwọn irin kúkúrú sì dè wọ́n pọ̀ ní ìbú bí àkàbà. Orí àkàbà yìí ni ẹ́ńjìnnì, yàrá awakọ̀ àti àpótí ẹrù jókòó lé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bóòtù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní kò rí bẹ́ẹ̀: awọ àti egungun wọn jẹ́ ọ̀kan náà, bí ìpẹtà bá sì wọ ọ̀kan, ó ti wọ èkejì. Lára tèmi, bóòtù mẹ́jọ péré ló di àpótí ẹrù mú. Márùn-ún tú wẹ́rẹ́. Mẹ́ta yòókù kọ̀, mo sì ń da epo tó ń wọnú ìpẹtà sí wọn láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, méjì gbà, èyí tó kù ni mo fi ayùn irin gé. Lẹ́yìn náà, àwa mẹ́rin gbé àpótí náà kúrò, a sì gbé e ti ògiri. Táǹkì epo, páìpù bíréèkì, wáyà iná ẹ̀yìn àti gbogbo ṣáṣíì wá wà ní ìta gbangba. Iṣẹ́ tí ǹ bá ti dùbúlẹ̀ ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di ohun tí mo dúró ṣe ní ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹnìkan bá ní àwọn ènìyàn mẹ́ta tó lè bá a gbé nǹkan, mo rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ́kọ́ gbé àpótí ẹrù rẹ̀ kúrò kí ó tó ná owó kankan, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè ṣètò owó fún ohun tí kò tíì rí.

Alẹ́ ọjọ́ tí òòlù wọ ṣáṣíì ni mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì pín ojú ewé rẹ̀ sí òpó mẹ́ta. Mo pe òpó kìíní ní “ohun tó lè pa ènìyàn”, èkejì ní “ohun tó lè dá mi dúró lójú ọ̀nà”, ẹ̀kẹta ní “ohun tó wù mí”. Òfin tí mo ṣe fún ara mi ni pé owó kò gbọdọ̀ dé òpó kejì títí òpó kìíní yóò fi ṣófo, kò sì gbọdọ̀ dé ẹ̀kẹta bí èkejì kò bá tíì ṣófo. Àwọn àgbà ti sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ àtijọ́, làpálàpá ló máa ń wà níta tí gbogbo ènìyàn ń rí, nígbà tí ẹ̀tẹ̀ wà lábẹ́, nínú òkùnkùn. Ọ̀dà tó ti ṣí, ìjókòó tó ya, gíláàsì tó sán: ìwọ̀nyí ni ojú ń rí, ìwọ̀nyí náà ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ yá sí. Mo ti rí píkọ́ọ̀pù tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán bíi dígí, tí rọ́bà bíréèkì rẹ̀ sì ti sán wẹ́wẹ́.

Ṣáṣíì ló wà lórí òpó kìíní. Mo wá wẹ́dà àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, mo sì sọ fún un pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ojú ihò yìí, owó ọwọ́ mi kò pọ̀.” Ó fi ìka rẹ̀ ro inú ihò náà, ó yọ ìpẹtà jáde, ó sì wò mí. “Àbúrò,” ó ní, “bí mo bá lẹ irin mọ́ òkú irin, kí ni yóò dì í mú? Jẹ́ kí n gé e dé ibi tó ti yè.” Ihò tí kò ju owó ẹyọ kan lọ nígbà tí òòlù dá a lu di àyè tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi méjì kí ó tó dé ibi tí irin náà ti mọ́, tó sì nípọn bó ṣe yẹ.

Mo kọ́ ohun púpọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Kí ó tó tan iná rárá, ó ní kí n tú wáyà bátìrì méjèèjì kúrò kí iná ẹ̀rọ rẹ̀ má bàa ba alutanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, jẹ́, ó sì ní kí n gbé táǹkì epo kúrò pátápátá, kì í ṣe pé kí n kàn fi aṣọ tútù bò ó. Irin tó fi dí i kò nípọn ju ti ṣáṣíì fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé irin tó nípọn jù máa ń le ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni yóò sì sán lọ́jọ́ iwájú. Èyí tó jọ mí lójú jù ni bí ó ṣe gé e. Mo rò pé irin onígun mẹ́rin ni yóò lò, ṣùgbọ́n ó gé orí àti ìdí rẹ̀ ní ìdagun, bí ẹnu ọ̀kọ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ojú ibi tí wọ́n jó bá lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ṣáṣíì, gbogbo ìmì àti ìtẹ̀sí ọkọ̀ yóò bọ́ sí orí ìlà kan ṣoṣo, àti pé ìdagun ló ń pín agbára náà ká. Lẹ́yìn ìgbà náà, mo máa ń wo ibi tí wọ́n ti jó ṣáṣíì ọkọ̀ àlòkù kí n tó wo ohunkóhun mìíràn lára rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe gé irin yẹn máa ń sọ irú ẹni tó fọwọ́ kàn án fún mi.

Iṣẹ́ wẹ́dà yìí ni mo ná owó sí jù lọ nínú gbogbo àtúnṣe náà. Inú ṣáṣíì ni mo fi kún un fúnra mi: mo la gbogbo ihò kékeré tí omi ń gbà jáde, tí ẹrẹ̀ ti dí, mo fi omi fọ inú rẹ̀, mo jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ púpọ̀, mo sì fi okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fọ́n epo aláìgbẹ sí gbogbo kọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìpẹtà kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lára irin, iyọ̀ sì máa ń mú un yára sí i. Inú ṣáṣíì tó dí ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ti máa ń dúró pọ̀ jù. Oògùn tí wọ́n ń fi phosphoric acid ṣe, tí a ń kùn sí ìpẹtà kí ó lè yí padà, dára fún ojú irin tó ṣì nípọn. Kò lè dá irin tó ti lọ padà, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dúdú kí ó sì dán tó lẹ́yìn tí a bá kùn ún.

Bíréèkì ló tẹ̀lé e, níbẹ̀ ni mo sì ti ṣe ìpinnu tí n kò tíì kábàámọ̀ rẹ̀ rí: n kò ra ohun àlòkù kankan fún bíréèkì, fún ọwọ́ ìdarí tàbí fún táyà. Ìlẹ̀kùn lè jẹ́ àlòkù. Gíláàsì, ìjókòó, ráàkì rédíò, àpótí ẹrù pàápàá lè jẹ́ àlòkù, wọ́n á sì ṣiṣẹ́ bí tuntun. Rọ́bà tó gbé agbára ẹsẹ̀ mi lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò sí lára wọn. Mo pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, páàdì iwájú, láínìnì ẹ̀yìn àti sílíńdà kékeré inú dúrọ́ọ̀mù méjèèjì, mo sì da gbogbo epo bíréèkì àtijọ́ nù. Àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí ti tíì tó pọn jù. Epo bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yìí ló sì ń sọ ọ́ di aláìlágbára: epo bíréèkì tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ DOT 4 gbọ́dọ̀ lè dé 230 °C kí ó tó hó nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n 155 °C péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ti mu omi. Bí ó bá hó nínú páìpù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, oru lásán ni ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò máa tẹ̀, bíréèkì yóò sì wọlẹ̀ láìdi ohunkóhun mú. Ìgò epo tuntun méjì ló gbà mí láti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo rà fún ọkọ̀ náà, n kò mọ èyí tí owó rẹ̀ kéré tó báyìí, tí àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ tó báyìí.

Ní ti táyà, eyín wọn ṣì ga, ẹni tó tà á fún mi sì fi wọ́n yangàn. Mo wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ààmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Méjì àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà náà jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn sì jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é, débi pé 2308 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2008. Gbogbo wọn ti kọjá ọdún mẹ́wàá. Rọ́bà máa ń gbó bí kò tilẹ̀ yí, mo sì yọ wọ́n kúrò láìbá ara mi jiyàn.

Òpó kejì kò gba owó tó bí mo ṣe rò, sùúrù ló gbà. Ẹ́ńjìnnì náà ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, agbára rẹ̀ sì kéré. Àwọn méjì tí mo fi hàn ní kí n lọ wá ẹ́ńjìnnì àlòkù mìíràn. Mo yá gééjì tí a fi ń wọn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, mo tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta súnmọ́ ara wọn. Ẹ̀kẹta láti iwájú kò dé ìdajì ohun tí àwọn yòókù ní. Mo da epo ẹ́ńjìnnì ṣíbí kan sínú rẹ̀, mo sì tún un wọ̀n: bí nọ́ńbà náà bá gòkè, a jẹ́ pé òrùka písítìnì ló ti jẹ, nítorí pé epo náà yóò bá a dí àlàfo rẹ̀, bí kò bá gòkè, ọ̀nà fáàfù ni afẹ́fẹ́ ń gbà sá lọ. Kò gòkè rárá.

Mo ṣí ìdérí fáàfù, mo sì mú irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà sọ pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, àlàfo 0.2 mílímítà ló yẹ kí ó wà lórí fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.3 sì ni ti èyí tó ń lé èéfín jáde. Lórí fáàfù èéfín sílíńdà kẹta, kò sí àlàfo kankan. Irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ kò wọlé. Fáàfù náà kò pa dé rárá, ó kàn wà ní ìṣísílẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo, iná ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Mo tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, mo dá àlàfo náà padà síbi tó yẹ, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún méje yòókù, mo sì so bátìrì padà. Nígbà tí mo tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, sílíńdà kẹta ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba tán. Mo mọ̀ pé oríire wà níbẹ̀, nítorí pé ká ní ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, iná ìbá ti jẹ etí fáàfù náà, orí ẹ́ńjìnnì ìbá sì ní láti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mú lọ ni pé owó gééjì àti irin ìwọn àlàfo yẹn kò tó ohun tí wọn ìbá gbà láti fi gbé ẹ́ńjìnnì àlòkù dé ọ̀dọ̀ mi, kí a má tíì sọ owó ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀. Ìwé àtúnṣe tó jẹ́ ti irú ọkọ̀ náà gan-an ni mo gbà pé ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ rà, kí ó tó ra sípánà pàápàá.

Rédíétọ̀, tẹ́mósítáàtì, bẹ́líìtì àti rọ́bà omi kò ní ìtàn púpọ̀. Mo pààrọ̀ èyí tó gbó, mo fọ èyí tó dí, mo sì ra ìdérí rédíétọ̀ tuntun, nítorí pé ìfúnpá tí ìdérí náà ń dì mú ló ń jẹ́ kí omi kọjá 100 °C láìhó.

Ọ̀rọ̀ iná iwájú ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ó ṣókùnkùn débi pé mo ti kọ gílóòbù tuntun sínú ìwé, mo sì fẹ́ ra àwọn tí agbára wọn pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo fi ẹ̀rọ ìwọ̀n iná wọn fóltì orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó jẹ́ 14.1. Mo wọn ti ẹ̀yìn gílóòbù, ó jẹ́ 11.6. Fóltì méjì àbọ̀ ti sọnù sójú ọ̀nà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, gbogbo iná tí gílóòbù méjèèjì ń mu ló ń gba inú súwíìṣì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìdarí kọjá, lórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn. Gílóòbù oníwáàtì 55 méjì máa ń fa nǹkan bí áńpíà mẹ́sàn-án, súwíìṣì tó ti jó fún ọgbọ̀n ọdún kò sì lè gbé e láìjẹ nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù onírin kì í sì í dínkù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fóltì. Bí fóltì bá fi ìdá 10 nínú 100 dínkù, ìmọ́lẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 30 dínkù. Lórí ìṣirò yìí, nǹkan bí ìlàjì ìmọ́lẹ̀ tó tọ́ sí mi ni mo ń rí.

Ríléè méjì (súwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá), ilé fíúùsì, wáyà tó nípọn díẹ̀ àti ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi tún un ṣe. Mo gba iná tààrà láti orí bátìrì, mo fi fíúùsì sí i ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí bátìrì kí wáyà tó bá gé má bàa dá iná sílẹ̀, mo mú un gba inú ríléè lọ sí ara gílóòbù, mo sì jẹ́ kí wáyà àtijọ́ máa pàṣẹ fún ríléè lásán. Mo tún fi irin yọ ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò ní ibi tí wáyà ìdápadà ti kan ara ọkọ̀. Nígbà tí mo tún un wọ̀n, fóltì 13.7 ló wà lẹ́yìn gílóòbù. Àwọn gílóòbù àtijọ́ náà ṣì ni. Mo wà á jáde ní alẹ́ ọjọ́ yẹn láìní ibi kan pàtó tí mo ń lọ, kí n kàn lè rí ojú ọ̀nà dé ọ̀nà jíjìn, kí n sì rí koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo rú òfin òpó mẹ́ta náà, ó sì ṣì ń dùn mí. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà ga díẹ̀, kí táyà tó tóbi lè wọ abẹ́ rẹ̀, mo sì rí irin onígun tí a ń fi sí àárín sípíríǹgì àti ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní owó tó kéré gan-an. Ó fi mílímítà 50 gbé ẹ̀yìn sókè. Mo gbé iwájú sókè láti bá a dọ́gba, mo wọ táyà 235/75R15 sí ipò 215/75R15, ojú rẹ̀ sì wù mí púpọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ìyára tí ojú aago ń sọ kò péye mọ́: gíga táyà tuntun láti ìsàlẹ̀ dé òkè tó nǹkan bí mílímítà 733, ti àtijọ́ kò ju nǹkan bí 703 lọ, tó fi jẹ́ pé nígbà tí aago bá sọ pé kìlómítà 100 ni mo ń sá ní wákàtí kan, 104 ni mo ń sá. Èyí kò le láti fi sọ́kàn. Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo kó ẹrù wúwo lọ́jọ́ kan, mo tẹ bíréèkì níwájú ìyípo kan, imú ọkọ̀ náà sì wọlẹ̀, ó ń sá lọ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ kí ó tó dúró. Kò sí ẹnìkankan níwájú mi. Mo wá ibi dúró sí, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì jókòó títí ọwọ́ mi fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Gbogbo bíréèkì náà ni mo ti fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì lábẹ́ ọkọ̀ kí ó tó yé mi. Lókè ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni fáàfù kan wà, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀, ọ̀pá náà a ti fáàfù, fáàfù a sì jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn gba agbára púpọ̀ sí i. Bí kò bá sí ẹrù, ẹ̀yìn a ga, fáàfù a sì dín agbára náà kù kí táyà ẹ̀yìn má bàa dì, kí ó má sì yọ̀. Nígbà tí mo fi mílímítà 50 gbé ẹ̀yìn sókè, mo ti sọ fún fáàfù yìí pé àpótí ẹrù ṣófo nígbà gbogbo. Iwájú nìkan ló wá ń gbé iṣẹ́ tó yẹ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ gbé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju irin kékeré kan tí wẹ́dà àgbàlagbà náà bá mi gé, láti gbé ìdí ọ̀pá náà sókè ní mílímítà 50 kan náà, kí fáàfù lè padà máa rí ohun tó ń rí tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ sínú òpó kẹta gẹ́gẹ́ bí ohun tó wù mí ti rìn lọ sínú òpó kìíní láìjẹ́ kí n mọ̀. Láti ìgbà náà, mo ti fi ìlà kan kún ìwé náà lábẹ́ ohunkóhun tí mo bá fẹ́ yí padà lára ọkọ̀: kí ni ohun yìí so mọ́? N kì í fọwọ́ kan sípánà títí n óò fi dáhùn rẹ̀ ní kíkọ, ó sì ti mú kí n pa èrò méjì tì, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ páìpù èéfín tí ìbá gba ẹ̀gbẹ́ páìpù epo kọjá.

Ní oṣù tó kọjá, mo tún dùbúlẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òòlù kan náà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Mo kan ṣáṣíì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní ibi tí wọ́n ti jó ẹnu ọ̀kọ̀ náà mọ́ ọn, ó dún gooro. Ìjókòó apá awakọ̀ ṣì ya, ìlẹ̀kùn apá òsì tí mo rà ní àlòkù ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé lára ọkọ̀ funfun, ọ̀dà sì ṣì wà ní ìsàlẹ̀ òpó kẹta. Nígbà tí mo ń fà jáde lábẹ́ rẹ̀, epo kán sí mi lápá láti ibi tí ọ̀pá gígùn ti wọ inú gíà ẹ̀yìn. Mo nu ibẹ̀ mọ́, mo wo bí ó ṣe tún ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀, mo sì lọ mú ìwé náà. Ó bọ́ sí òpó kejì. Mo ti ra rọ́bà ìdènà rẹ̀ báyìí, n óò sì tú u ní ọjọ́ Sátidé.